Òkú Ìdí Máńgòrò ní Glei

Aago ni mo ń tún ṣe jẹun ní Atakpamé, ṣùgbọ́n ìtàn kíkọ ni ìfẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo fúnra mi ṣe òfin kan: ohun tí mi ò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀n, kò gbọdọ̀ wọ inú ìtàn mi. Bí ẹnìkan nínú ìtàn mi bá máa lọ sí Kamina, níbi àwókù irin àwọn Jámánì, mo ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀, aago lọ́wọ́.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ológun gba ìjọba tí mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn jándáàmù kan, ọlọ́pàá ológun, tí wọ́n pa ní Glei, nítòsí igi ìdènà tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Lásìkò yẹn, èèyàn máa ń wo ẹ̀yìn kó tó ráhùn pé oòrùn mú. Èmi ò wo ẹ̀yìn, ìwọ̀n nìkan ni mò ń wò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: jándáàmù mẹ́rin, ọ̀kan ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, láti igi ìdènà dé ìdí máńgòrò, ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógójì. Mo ya àwòrán ibẹ̀, mo sì fi àgbélébùú sàmì síbi tí òkú máa ṣubú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, jándáàmù tó ń tú ẹrù inú tásì wa ní igi ìdènà yẹn rí ìwé náà. Kò gbọ́ Yorùbá. Ó nà án sí ìyá aláṣọ tó jókòó tì mí, ará Ọ̀yọ́ tó máa ń ka lẹ́tà fún gbogbo ọjà wa.

"Màmá, kí ló kọ síbẹ̀?" Èdè Èwè ló fi béèrè.

Ìyá ka ojú ìwé kan. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni, ọ̀gá mi! Ó rí ọmọge kan ní Glei níbí. Àwọn mẹ́rin yìí, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ni wọ́n. Ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án, bàbá rẹ̀ ni. Ẹ wo àgbàyà, ó ń ka ìṣísẹ̀ dé ilé àna!"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀ pé ìtàn tirẹ̀ dára ju tèmi lọ.

"Àgbélébùú yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni ọmọge náà máa ń jókòó tajà."

Ẹ̀rín kúrò lójú jándáàmù. Ó wo àwòrán, ó wo ìdí máńgòrò, ó tún wo àwòrán. Mo ti yà á dáadáa jù.

"Ìyàwó mi ló ń ta gàrí níbẹ̀."

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń lọ wọn ibẹ̀, nígbà tí kì í sí ẹni tó ń tajà.

"Ìtàn ni, ọ̀gá," mo wí. "Irọ́ tí mo rò ni. Òkú ló máa wà níbẹ̀, kì í ṣe obìnrin."

"Òkú ta ni?"

Mo wo aṣọ rẹ̀, mo wo ìbọn rẹ̀. "Tèmi."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. "Lọ sùn síbẹ̀, kí n rí i."

Mo lọ. Mi ò lè ṣe kí n má ka ìṣísẹ̀ mi: márùndínláàádọ́ta. Mo ti fi méjì ṣì í. Mo dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná, mo di ojú. Bàtà rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo gbọ́ tí tásì ń lọ, mo gbọ́ ohùn ìyá tó ń bẹ dírẹ́bà pé kó dúró. Kò dúró.

"Ọwọ́ wọn kì í rí bẹ́ẹ̀," jándáàmù wí níkẹyìn. "Mo ti rí òkú. Fi ọ̀kan sábẹ́ ikùn."

Mo fi í síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó ní kí n dìde, kí n máa lọ. Kò dá ìwé mi padà.

Mo ti tún ìtàn náà kọ lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà náà, nínú yàrá mi. Ọwọ́ òkú wà lábẹ́ ikùn. Oníṣẹ́ aago ni òkú náà, mi ò sì tíì ní ìgboyà láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.