Àwo Oníkọ́ Ìyá Wa

Elétí-Ajá ni àwọn télọ̀ ń pe obìnrin yìí, kì í sì í bínú sí i. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń ṣe, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé máṣíìnì dé, kì í kọ́kọ́ mú sípánà. Yóò ní kí oníbàárà jókòó, kó tẹ̀ ẹ́, òun á wá di ojú, á dẹ etí sílẹ̀. Láìpẹ́ á ní, "Bọ́bìnì yín ló ń mì. Epo sì ti gbẹ lápá òsì." Ẹni tó bá bá a jiyàn, ìtìjú ló máa gbé relé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí màmá lè máa gun àtẹ̀gùn mọ́, àwọn ọmọ méjèèjì, Elétí-Ajá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ tíṣà, lọ bá wọn kó ẹrù sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìsàlẹ̀. Àpótí àwo orin kan wà nínú ẹrù náà tó wúwo bí òjé. Tíṣà ń ṣà wọ́n: èyí tó ṣì dára sápá kan, èyí tó ti ha sápá kejì. Bó ṣe kan èyí tí páálí rẹ̀ funfun láìsí àwòrán, ẹ̀rín pa á.

"Àwo oníkọ́ rèé o! Ẹ jẹ́ ká jù ú nù kó tó kó ikọ́ ran àwọn yòókù."

Àwo yìí dààmú wọn ní kékeré. Kò sí orin nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ orin sí. Obìnrin kan ń kùn láìsọ̀rọ̀, ṣíbí ń kan ife, omi ń kán, ẹnìkan á wúkọ́, gbogbo ẹ̀ á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́, débi tí ẹ ó rò pé ó ti tán. Bí màmá bá ti gbé e lé ẹ̀rọ, àwọn méjèèjì á sá jáde.

"Ẹ má jù ú nù," ni Elétí-Ajá wí. "Ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ. Etí tí mo ní nígbà yẹn kọ́ ni mo ní báyìí."

Giramọfóònù màmá ò yí mọ́. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó tú ìdí rẹ̀, ó rí i pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti yọ́ bí ìda. Ó mú bẹ́líìtì máṣíìnì tó tín-ín-rín, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́, ó fi rọ́pò rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oníbàárà kankan ò wá, ó gbé àwo náà lé e, ó jókòó, ó di ojú.

Ohun tó gbọ́ yà á lẹ́nu. Omi yẹn ò kàn ń kán. Mẹ́ta-mẹ́ta ló ń kán, ṣíbí sì ń dá a lóhùn. Ikọ́ yẹn ò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ìgbà tí ohùn obìnrin náà bá fẹ́ ga jù ló máa ń dé, bí ẹni fọwọ́ kan ni léjìká. Ìdákẹ́jẹ́ náà ní ìwọ̀n: ó kà á, ó tó èémí mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti ilẹ̀kùn, ó kọrí sílé ìyá rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ rí nínú àwo yẹn tẹ́ ẹ fi rà á?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Páálí funfun yẹn ló ṣe mí ní kàyéfì. Mo gbé e délé, ó ku díẹ̀ kí n dá a padà. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ikọ́ yẹn. Mo ní, háà, wọ́ọ̀dù wa nílé ìwòsàn nìyí! Ṣíbí oògùn nínú ife, ẹ̀rọ omi tí kì í tì dáadáa, ẹni tó ń kùn kí ara lè tù ú. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, mi ò gbọ́ ẹni tó fi iṣẹ́ wa kọrin rí. Ẹni tó ṣe àwo yẹn mọ̀ mí, bí kò tiẹ̀ rí mi rí."

"Ẹ ò sì sọ fún wa?"

"Ta lẹ fẹ́ kí n sọ ọ́ fún? Kí abẹ́rẹ́ tó balẹ̀ lórí àwo, ẹ ti dé ojúde!"

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Elétí-Ajá gbé giramọfóònù àti àwo náà padà sí yàrá màmá, ó sì ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá síbẹ̀.

"Bùrọ̀dá mi, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí péré. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má sì sá."

"Tí oorun bá gbé mi lọ ńkọ́?"

"Ẹ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ má hanrun, ẹ ó ba orin jẹ́."

Tíṣà káwọ́ gbera, ó ń wo aago. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ gígùn yẹn dé, ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àbúrò rẹ̀ na ìka sókè. Ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́: méje, mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Ohùn obìnrin náà sì yọ, jẹ́jẹ́, láti ìsàlẹ̀. Màmá ti ń kùn tẹ̀ lé e.

"O mọ̀ pé ó ń bọ̀?" ni tíṣà bi í.

"Mo mọ̀ dájú."

Nígbà tí ó tán, tíṣà họ orí. "Èmi ò tíì pè é lórin o." Ó na ìka sí àwo náà. "Kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

Elétí-Ajá yí àwo náà padà. Kò sí ikọ́ lápá ibẹ̀. Ẹnìkan ló ń gbálẹ̀ nínú rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láti igun yàrá kan dé èkejì. Tíṣà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.