Ọjọ́ tí Ọṣẹ Hó Kún Yàrá Wa

Bí mo bá ti gbóòórùn ọṣẹ tó wọ omi, yàrá wa ní àdúgbò Jamestown ní Accra ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àgbàrá òjò ya wọlé, ó ba gbogbo àpò ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ìyá mi fẹ́ lọ tà ní ọjà Makola jẹ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èmi àti àbúrò mi ń fò nínú rẹ̀, a fi ọṣẹ ṣe irùngbọ̀n.

Ìyá mi wò wá títí. Wọ́n wá jókòó sínú omi náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wẹ̀ fún wa.

“Ẹ sọ pé Alihamudulilahi. Kò sọ́mọ tó mọ́ tó yín ní Accra.”

Gbogbo òwò wọn la fi ń ṣeré yẹn. Wọn ò tún ní ìsọ̀ tiwọn mọ́ títí wọ́n fi kú.

Nínú omi náà lọ́jọ́ yẹn, mo ní, “Màámi, kí òjò tún rọ̀ lọ́la o.”

Wọ́n bu omi sí mi lórí.

“Àmín,” wọ́n ní.