Ọwọ́ Tó Wà Lábẹ́ Ìró

Ọmọ mi kejì kọ bíbérọ́ọ̀nù, ìgò tí à ń fi fún ọmọ ní wàrà, bí ẹni pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un kó tó wá sáyé. Mo ra onírọ́bà, mo ra onígíláàsì, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu orí rẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tóbi, mo tún ra òmíràn tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ó rí bí ọmú ìyá gan-an. Irọ́ gbáà ni. Bí mo bá ti gbé e sún mọ́ ọn, á pa ẹnu dé, á yíjú sí ògiri, á wá fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ tì í kúrò. Kì í sunkún. Ká ní ó ń sunkún ni, ǹ bá mọ ohun tí mò ń bá jà.

Kọ́njé ìbímọ mi, ìsinmi tí wọ́n fún mi lẹ́nu iṣẹ́, sì ti ń tán lọ. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ọ̀nà Odómẹ̀ta. Olùkọ́ ni ọkọ mi náà, ṣùgbọ́n Pobè ni wọ́n gbé e lọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Èmi, ọmọ àti ìyá ọkọ mi la jọ ń gbé ilé ní Kétu. Bí mo bá jáde láàárọ̀, ìyá ọkọ mi nìkan ló máa kù pẹ̀lú ọmọ títí ilé ìwé á fi dá wa sílẹ̀ fún ìsinmi ọ̀sán, kí n tó tún padà lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀ ni, erùpẹ̀ pupa ń fò wọlé, ètè àgbàlagbà pàápàá ń bó. Ọmọ tí kò bá mu nǹkan kan nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ lè bọ́ mọ́ni lọ́wọ́, mo sì mọ bí ọmọ ṣe ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Nígbà kan, ìyá ọkọ mi ni gbogbo àdúgbò ń gbé ọmọ wá fún kí wọ́n bá wọn rọ ọ́. Wọ́n á jókòó sórí àpótí kúkúrú, wọ́n á na ẹsẹ̀, wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí itan kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀. Wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ká ẹnu ọmọ mọ́, wọ́n á sì da àgbo sínú àtẹ́lẹwọ́ náà. Bí ọmọ bá fẹ́ mí, àfi kó gbé e mì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rọ ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe rọ èmi náà, ikùn wa sì yọ roboto nínú gbogbo fọ́tò tí a yà nígbà èwe. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ewu wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n ń rọ àkọ́bí mi. Ó ti ń wúkọ́ láti àná, àgbo ikọ́ ni wọ́n sì sè fún un. Mò ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí omi ń tán nínú kèrègbè, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n ní àgbo ti gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kò bá wa padà wálé.

Ẹbí ní àmúwá Ọlọ́run ni. Èmi náà wí bẹ́ẹ̀. Mi ò bá ìyá ọkọ mi jà rí, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè sí wọn. Mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, mò ń bu ọbẹ̀ fún wọn, mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ó ń bí mi nídìí ààrò, ó ń bí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń bí mi pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu. Láti ìgbà náà, ìyá ọkọ mi kò rọ ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n ní ọwọ́ ń dun àwọn. Bí ọmọ ọwọ́ bá ti wà nítòsí, wọ́n á ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ ìró, ibẹ̀ ló sì máa wà títí wọ́n á fi gbé ọmọ náà lọ.

Nígbà tí mo bí èyí, obìnrin ni bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń fi ìkúùkù sábẹ́ àgbọ̀n sùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣe. Ìyá ọkọ mi rí i, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ń pọ̀n ọ́n, wọ́n ń kọrin fún un láti iwájú dé ẹ̀yìn ọgbà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e kọjú sí ara wọn. Mo rí gbogbo rẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Mo wọṣẹ́ padà. Ní ọ̀sán, mo dé, mo bá wàrà nínú bíbérọ́ọ̀nù bí mo ṣe fi í sílẹ̀, ó ti kan. Ọmọ ń dúró dè mí. Ó já mọ́ ọmú bí ẹni tí wọ́n yọ nínú kànga. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ibi rírọ̀ tó wà láàárín orí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dín kù. Mo bi ìyá ọkọ mi bí wọ́n ṣe ń gbé ìgò náà fún un. Ohùn mi le, mo mọ̀ pé ó le.

Wọ́n ní, “Kì í ṣe ìgò ló ń kọ̀. Ọwọ́ mi ló ń kọ̀. Ó rántí mi.”

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé bí a bá rí nǹkan, ká wádìí ìdí rẹ̀, mo fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ rọ́bà lásán ni. Dípò bẹ́ẹ̀, mo gbé ọmọ sọ́mú. Ọmọ ń mu ọmú, mo sì ń gbọ́ ìró kèrègbè yẹn nínú ọ̀fun rẹ̀.

Mo gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, mo ní kí ìyá ọkọ mi bá mi lọ. Agbẹ̀bí wọ̀n ọ́n, ojú rẹ̀ kò dán. Ó ní ká ju bíbérọ́ọ̀nù sílẹ̀, ká lo ife kékeré. Ká gbé ọmọ jókòó, ká fi etí ife kan ètè ìsàlẹ̀, kó fúnra rẹ̀ fà á. Ó ní èmi kọ́ ló máa fún un, nítorí ó ń gbọ́ òórùn ọmú lára mi. Ó ní bí ọmọ bá tún fọn ju báyìí lọ, àwọn á dá a dúró sọ́dọ̀ àwọn. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ìyá ọkọ mi, ó ní, “Ìyá, ẹ má dà á sí i lẹ́nu o.” Ó ń sọ ọ́ fún gbogbo ìyá àgbà ni, kò mọ nǹkan kan. Ìyá ọkọ mi wo ilẹ̀, ọwọ́ wọn sì wà lábẹ́ ìró.

Nígbà tí a délé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ padà sí abúlé àwọn ní Kpankú, kí n wá ẹlòmíràn tó máa fún ọmọ ní nǹkan mu. Inú mi dùn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ rí kí ilẹ̀ tó mọ́? Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe ti ọ̀la fún mi. Mo ra ife, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo gbé e sórí tábìlì.

Ọjọ́ kejì, ọkàn mi kò sí nínú iṣẹ́. Bí a ṣe dá àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́sàn-án ni mo gun alùpùpù sẹ́míjàn tó ń kó èrò, mo ní kí awakọ̀ sáré. Mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Ìyá ọkọ mi jókòó sórí àpótí kúkúrú wọn. Ọmọ jókòó lórí itan wọn, wọ́n kọjú síra wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà níta. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ náà síwájú ọmọ, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí a ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀.

“Ìyá mi, ọwọ́ náà nìyí. Wò ó dáadáa. Kò ní da nǹkan sí ọ lẹ́nu mọ́. Bí o bá fẹ́, mu. Bí o kò bá fẹ́, mi ò ní fi ipá mú ọ. Má bínú sí mi, ìyá mi.”

Ọmọ wo ọwọ́ náà. Ó di àtàǹpàkò wọn mú. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ kejì gbé ife dé etí ètè rẹ̀, wọ́n sì dúró. Wàrà kan ètè rẹ̀, díẹ̀ ṣàn sí àgbọ̀n. Ahọ́n rẹ̀ yọ jáde bí ti ọmọ ológbò, ó tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró yẹn. Mo dúró kó parí bó ṣe parí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ó gbé e mì, ó mí, ó sì tún ya ẹnu.

Ìyá ọkọ mi kò wẹ̀yìn. Wọ́n ti gbọ́ alùpùpù.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, ọmọ ti gbà. Ìwọ ńkọ́?”

Ọmú mi ti ń sẹ̀, ọmọ ò sì tí ì mọ̀ pé mo dé. Lójoojúmọ́, ibí yìí ni mo ti máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Mo sọ fún wọn láti ẹnu ilẹ̀kùn pé wàrà kù nínú agolo, kí wọ́n po òmíràn fún un bí oòrùn bá rọ̀, pé èmi ò ní wọlé títí ilé ìwé á fi jáde nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní ó dáa. Ọwọ́ wọn wà níta bẹ́ẹ̀, ọmọ ṣì dì í mú.

Mo padà sí kíláàsì. Wàrà ọmú rin búláòsì mi, àwọn ọmọ ń wò mí, mo kọ̀yìn sí wọn, mò ń kọ ìṣirò sójú pátákó. Ní gbogbo ọ̀sán náà ni mò ń fetí sílẹ̀ fún ìró yẹn láti ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé jìnnà. Mi ò dìde lọ.