Ẹ̀yìn Fọ́ọ̀mù Tí N Kò Kà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bísí ọmọ mi pè mí pé ilé iṣẹ́ òun fẹ́ pa àpò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ dé, wọ́n sì ti pín fọ́ọ̀mù. Ó ní òun ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo ní, “Gbé bírò yẹn sílẹ̀.” Lójú ẹsẹ̀, òórùn yíńkì òǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí mi nímú.

Ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí Bísí ṣì wà lẹ́yìn mi, yàrá kan la háyà ní Mowé. Bàbá rẹ̀ ń jó irin ní ilé iṣẹ́ kan ní Ifọ̀, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wálé. Èmi oníwèé mẹ́wàá ni gbogbo ayálégbé máa ń gbé fọ́ọ̀mù wá bá, torí wọ́n mọ̀ pé n kì í ṣe àṣìkọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ mi náà fẹ́ pa àpò owó ìfẹ̀yìntì wọn dé, tó sì gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ wálé, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ṣé yóò gba owó náà sọ́wọ́, àbí kí wọ́n gbé e lọ sínú àpò tuntun? Onílẹ̀ kan ní Ìbafò ń dúró de owó ilẹ̀ tá a fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi àmì sí “gbà á sọ́wọ́,” ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e lọ ní ìdájí ọjọ́ Ajé.

Lọ́sàn-án ni mo fẹ́ fi ẹ̀dà tiwa pamọ́ tí mo rí lẹ́tà wínníwínní lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó náà sọ́wọ́ ṣáájú ìfẹ̀yìntì, wọn yóò kà á mọ́ owó oṣù rẹ̀, wọn yóò sì gé owó orí lórí gbogbo rẹ̀. Tó bá ti inú àpò bọ́ sínú àpò láì gba ọwọ́ òṣìṣẹ́ kọjá, owó orí kò ní kàn án. Tí òǹtẹ̀ bá ti lè bà á, kò sí àyípadà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọn yóò gbà á mọ.

Mo pọn Bísí, mo sáré wọkọ̀. Ọkọ̀ kejì tún dúró ko àpò ìrẹsì Ọ̀fàdà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Nígbà tí mo dé Ifọ̀, akọ̀wé ti ń tẹ òǹtẹ̀ sórí àwọn fọ́ọ̀mù lọ, gbì, gbì. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó tò síbẹ̀ ní, “Ìyàwó wa, ẹ wá gba owó kó tó dé ọwọ́ ọkọ yín, àbí?” Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé? Ṣé kò sí o? Ṣé ara Bísí ò yá ni?”

“Ara rẹ̀ yá. Èmi ni mo ṣì í kọ.” Mo na ẹ̀yìn ìwé sí i.

Ó rọra kà á. “Onílẹ̀ yẹn ò ní dúró dè wá o.”

“Mo mọ̀, Bàbá Bísí. Ẹ̀yin lẹ lowó yín.”

Akọ̀wé gbé òǹtẹ̀ sókè. “Tiẹ̀ ló kàn. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?”

Ọkọ mi gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó lé ìwé náà. “Ẹ dákun, sà, ẹ fún mi ní òmíràn.”

Ẹni tó fi mí ṣẹ̀fẹ̀ bá yí fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sí ẹ̀yìn. “Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka tèmi náà.”

Onílẹ̀ ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn. Bí ọkọ̀ bá ń gbé wa kọjá níbẹ̀, àwa méjèèjì máa ń yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Owó náà pé nígbà tí ọkọ mi fẹ̀yìn tì, òun la sì fi kọ́ yàrá méjì sí Ifọ̀. Síbẹ̀, ohun tó ń já mi láyà dòní ni pé èmi tí gbogbo ilé fọkàn tán ni mo fi àmì yẹn síbẹ̀. Mo kọ ọ́ dáadáa. N kò kà á ni.

Òfin ìgbà yẹn lè má jẹ́ ti ìsinsìnyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀yìn ìwé yín, kí ẹ sì béèrè nípa owó orí kí ẹ tó fọwọ́ sí i.