Ẹni Tí Yóò Wẹ Yèyé

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe ní ìlú Ọ̀wọ̀, ọ̀kan péré ni wọ́n fi ń kí mi. Téélọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Ìkejì, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ lójú mi àfi tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́. Ìgbà náà ni yóò wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, kò ní wọlé, á ní, "Téélọ̀, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀." N kì í bi í léèrè ibi tí à ń lọ. Màá yọ ẹsẹ̀ lórí ẹ̀rọ, màá ká aṣọ oníbàárà sápá kan, màá sì mú báàgì mi.

Obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin nínú ẹ̀sìn wa, èmi ni mo sì ń wẹ òkú àwọn obìnrin Mùsùlùmí ládùúgbò wa. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, bí mo ṣe kọ́ aṣọ rírán lọ́wọ́ wọn. Yèyé ni mò ń pè wọ́n.

Èmi ò ní sùúrù, mo mọ̀, kẹ́nikẹ́ni má ṣe wàhálà láti sọ fún mi. Èèyàn á gbé aṣọ wá lónìí, á ní ọ̀la lòun fẹ́ ẹ, á tún ní kí n bá òun fún un níbàdí. Tí mo bá fún un tán, á ní òun ò lè mí. Èmi náà á sì sọ èyí tó wà nínú mi fún un. Àwọn alààyè ni mò ń bá jà. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ òkú, ohùn mi máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti gbọ́ ariwo mi ní ṣọ́ọ̀bù máa ń wò mí tìyanu tìyanu níbẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wọ aṣọ mi.

Nígbà tí mo kéré, mo kórìíra iṣẹ́ kejì yìí. Àwọn ọmọ kan nílé ìwé kì í jẹ nínú oúnjẹ mi, wọ́n ní ọwọ́ tó wẹ òkú ló sè é. Mo bá ọ̀kan nínú wọn jà títí aṣọ rẹ̀ fi ya lọ́rùn. Yèyé ò nà mí. Wọ́n gba aṣọ náà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, wọ́n rán an, wọ́n ní kí n gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá yẹn kan náà kú, Yèyé ni wọ́n sì wá pè. Yèyé ti ń wé gèlè kí oníṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ tán. Mo ní, "Yèyé, ẹ máa lọ? Àwọn tí kì í jẹ oúnjẹ yín?" Wọ́n ní, "Òkú ò bá mi jà. Ìwọ ni kí o jáwọ́ ìjà."

Ìlú Ute, nítòsí Ọ̀wọ̀, ni mo ti kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn lọ síbi iṣẹ́ náà. Mo ti dàgbà nígbà náà, mo ti ń rán aṣọ dáadáa. Obìnrin àgbẹ̀ kan ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin kún inú yàrá, wọ́n ń sunkún bí ìgbà tí ilé wó. Yèyé ní kí gbogbo wọn jáde, wọ́n dá àkọ́bí dúró, wọ́n fi bùtà omi sí i lọ́wọ́. Ọmọ náà ní òun ò lè ṣe é. Yèyé ní, "O lè ṣe é. Ìyá rẹ ni. Máa da omi, èmi á máa fọ̀ ọ́." Omi ń dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ṣùgbọ́n ó dà á títí a fi parí. Nígbà tó jáde, kò sunkún mọ́. Ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ bọ̀, Yèyé fọwọ́ kàn mí létí itan. Wọ́n ní, "Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Tó bá kàn mí, ìwọ ni kí o wẹ̀ mí. Má jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣíwájú rẹ." Mo ní ẹ̀mí wọn á gùn. Wọ́n ní, "Èyí tó gùn náà ń parí. Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.

Bí ó ṣe di nǹkan tí mò ń gbé kiri nìyẹn. Gbogbo òkú tí mo wẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, mò ń fi kọ́ ọwọ́ mi de ti Yèyé ni. Nígbà tí àgbà dé sí wọn, tí wọn ò lè dìde mọ́, mo gbé ibùsùn wọn wá sí yàrá tó kángun sí ṣọ́ọ̀bù. Láràárọ̀ ni mò ń gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ wọlé, tí mò ń wẹ̀ wọ́n, tí mò ń fi òrí pa wọ́n lẹ́yìn kí egbò má bàa mú wọn. Wọ́n á ní omi náà gbóná jù. Èmi á ní kò gbóná. A máa ń jiyàn lé e lórí títí n ó fi parí.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n kú, mò ń fún wọn ní ògì lọ́wọ́. Ògì náà kàn ń ṣàn jáde létí ẹnu wọn. Inná lilláhi! Mo gbé ṣíbí sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí Ìyá Àdínnì, olórí àwa obìnrin ní mọ́ṣáláṣí, fi dé pẹ̀lú obìnrin méjì tí mo fúnra mi kọ́ ní iṣẹ́ yìí. Mo ti gbé omi kaná. Ìyá Àdínnì yí sí wa, wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òkú: "Ta ni kò mọ́ nínú yín?"

Háà. Mò ń ṣe nǹkan oṣù. Láti àná ni, n ò tiẹ̀ rántí. Ládùúgbò wa, obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀ kì í wẹ òkú. Èmi gan-an ti dá àwọn kan padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí rẹ̀, láìwo ẹkún wọn. Irọ́ dé ẹnu mi. Ta ni ìbá mọ̀? Mo wo Yèyé níbi tí wọ́n tẹ́ wọn sí, mo rí i pé n ò lè fi irọ́ wẹ̀ wọ́n. Mo ní, "Èmi ni, Ìyá."

Wọ́n ní, "Ó parí nìyẹn. Bọ́ sí ìta."

Mo pariwo. Mo ní Yèyé ló ní kí n wẹ àwọn. Mo ní mo gbọ́ ọ lẹ́nu àfáà kan lórí rédíò pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá Àdínnì ní, "Àfáà inú rédíò ò sí níbí." Mo ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìyá mi. Mo sọ ohun mìíràn tí n ò ní kọ síbí. Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ní, "Ìwọ lo wẹ̀ ẹ́ láàyè, ọmọ mi. Jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́ bó ti kú. Lọ gé aṣọ rẹ̀. Aṣọ gígé ò ní èèwọ̀."

Mo lọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ òkú, a kì í rán an, gígé ni a ń gé e, a ó sì wé e. A kì í sì í da omi sí òkú lára kí aṣọ rẹ̀ tó wà nílẹ̀. N ò mú téèpù. Èmi ni mò ń rán aṣọ Yèyé láti ìgbà tí ojú wọn ti di bàìbàì, ọwọ́ mi mọ ìwọ̀n wọn. Mo gé e, mo fi ránṣẹ́ sínú ilé.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn gbé e padà wá. Ó ní, "Àǹtí, ó gùn jù."

"Ó gùn jù báwo? Ìwọ lo fẹ́ fi Yèyé hàn mí?"

Ó wọlé, ó tún jáde pẹ̀lú okùn kan lọ́wọ́. Ó ní àwọn fi wọ̀n wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fi í sórí tábìlì, ó sì padà sọ́dọ̀ wọn.

Mo na okùn náà lórí aṣọ. Mo rò pé ó já ni. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fà á sókè lára mi, kò ju èjìká mi lọ. Yèyé tó jẹ́ pé mò ń gbójú sókè wò wọ́n! Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, orúnkún wọn ò na mọ́, ẹran ti lọ tán lára wọn. Èmi tí mò ń wẹ̀ wọ́n láràárọ̀ ni n ò rí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ lọ́wọ́ mi, èmi ń bá wọn jiyàn omi gbígbóná.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé aṣọ náà bí okùn ṣe wí. Èyí tí mo gé kúrò pọ̀, ó tó ọmọdé wọ̀. Mo gbé aṣọ dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ kan gbà á láti ẹ̀yìn kọ́tìnì. Mo dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n bu omi, mo gbọ́ ìró bùtà lára pákó tí à ń wẹ òkú lé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dà á o. Yèyé ti kéré."