Ilé Onítáyà Tí Mo Rà fún Màmá

Bí ẹ bá bi mí lónìí pé ṣé ọkọ̀ ni mo rà àbí ilé, n ò mọ èsì tí màá fún yín. Ẹni tó tà á fún mi ò mọ̀. Ọ̀gá tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà ò mọ̀. Màmá mi nìkan ló mọ̀, kò sì sọ.

Ìbàdí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ìbàdí Màmá ti di nǹkan mìíràn, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ jókòó sójú kan pẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbéra ní Upper Iweka, ní Onitsha níbí, rèé, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ti fún ara yín sínú rẹ̀ láàárọ̀, orúnkún yín á wà lábẹ́ àgbọ̀n yín títí oòrùn á fi fẹ́ wọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá ò fi rí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sì sí ọjọ́ kan tí kò ní sọ ọ́: "Mo fẹ́ fojú kan ilé."

Bí mo bá ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ ta la máa dé sí?" á mí kanlẹ̀, á ní, "Ìyẹn náà ni mò ń rò. Kò sí yàrá tí mo ti lè na ẹsẹ̀ mi."

Òótọ́ ni. Bàbá mi mú un wá sí Onitsha nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, wọ́n tajà, wọ́n bímọ, bàbá mi sì kú láìkọ́lé sílé. Ilẹ̀ kan ló fi sílẹ̀ lẹ́yìn agbo ilé wa, pẹ̀lú òkìtì búlọ́ọ̀kù tí koríko ti bò. Èmi náà tí wọ́n bí sí Onitsha, tí mò ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Ochanja, n ò kó búlọ́ọ̀kù kan lé e. Ohun tí mo sì ń fẹ́ ò ju kí n gbé Màmá lọ, kó rí ilé, kí n sì gbé e padà wá. Òun nìkan ló kù láyé tó mọ bí mo ṣe rí kí n tó ní eyín. Ìpadàbọ̀ yẹn ló jẹ mí lógún jù lọ.

Mo wá lọ sí Upper Iweka lọ́jọ́ kan láti béèrè bóyá wọ́n lè ta ìjókòó ẹ̀yìn látòkè délẹ̀ fún èèyàn kan ṣoṣo, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ń padà bọ̀ ni mo rí ọkọ̀ funfun gbọọrọ kan níwájú ọgbà tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀, tí ọkùnrin méjì ń gbé síńkì jáde nínú rẹ̀. Síńkì ìfọbọ́, nínú ọkọ̀! Mo dúró.

Ọmọ Igbo tó ni ọjà náà kàn ń pòṣé ni. "Bọ́ọ̀sì ni mo ní kí wọ́n kó ránṣẹ́ sí mi," ó sọ fún mi ní Igbo, "Alhaji, wá wo nǹkan tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì! Sítóòfù! Ilé ìgbẹ́! Ta ló ń gbé ilé ìgbẹ́ rìnrìn-àjò?" Ó ní òun máa tú gbogbo ẹ̀ dànù, òun á to ìjókòó méjìdínlógún síbẹ̀.

Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Ẹ dá síńkì yẹn padà."

Ilẹ̀ tí mo ti rà sí Asaba, tí mo ní mo máa kọ́lé ara mi sí, òun ni mo tà tí mo fi rà á. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ mọ nǹkan tí ẹ̀ ń ṣe?" Mo ní mo mọ̀. Irọ́ ni.

Ọ̀gá tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọjú wo inú rẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀dì, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó já wọ yàrá ẹlòmíì. "Oga, wetin I go write? Na bus abi na house?" Mo ní kó kọ bọ́ọ̀sì. Ó ní bọ́ọ̀sì wo ló ní ìjókòó méjì péré? Mo ní kó kọ ilé nígbà náà. Ó ní àwọn kì í fún ilé ní nọ́ńbà. Níkẹyìn ó kọ nǹkan kan tí n ò tíì rí kà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó délé ni ìdààmú gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo bọ́tìnnì inú rẹ̀ ni wọ́n kọ èdè kan sí lára tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. A tẹ ọ̀kan, omi dà. A tẹ òmíràn, aṣọ ìbòòji kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ bí ahọ́n, ó gbá fìlà káfíńtà tí mo pè wá dànù lórí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi wá bọ́tìnnì tó máa dá a padà. Kí a tó rí i, aládùúgbò wa, ìyá tó ń ta edé ní ọjà Relief, ti sá aṣọ sí i.

Ìyá aládùúgbò yìí àti Màmá, ọ̀rẹ́ ogójì ọdún ni wọ́n. Ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Igbo ni ọ̀kan ń sọ, Yorùbá ni èkejì ń fi dá a lóhùn, wọn ò sì ṣi ara wọn gbọ́ rí.

Káfíńtà rẹ bẹ́ẹ̀dì wálẹ̀ nítorí ìbàdí. Wẹ́dà ṣe àtẹ̀gùn sí ẹnu ọ̀nà. Mo so kọ́tìnnì, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, mo wá àyè fún bútà àlùwàlá. Gbogbo nǹkan tó wà ní yàrá Màmá ni mo ń wá àyè fún, kó má bàa ní òun ṣàárò nǹkan kan. Ilé ìgbẹ́ rẹ̀ nìkan la ò rí bá a yanjú. Mo ṣàlàyé fún un pé táǹkì kan wà nísàlẹ̀ tí gbogbo ẹ̀ ń lọ sí, tí a ó dà á nù tí a bá dé.

Màmá wò mí. "Kí n ṣe é ní Benin, kí n wá gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé ẹ̀bùn ni?"

Iṣu la kó síbẹ̀.

Nǹkan kan tún ń dà mí lọ́kàn rú. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, arìnrìn-àjò a máa dín ìrun rẹ̀ kù. Ìrun òpó mẹ́rin, méjì ni yóò kí. Èmi wá ń rò ó. Mo pe Ààfáà wá ṣàdúrà sí ọkọ̀ náà, mo sì bi í lójú Màmá pé, "Ààfáà, tí èèyàn bá wà nínú ilé ara ẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì ara ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilé ọ̀hún ń sáré, ṣé arìnrìn-àjò ni?"

Ààfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ di ara ọkọ̀ mú. "Ìwọ lò ń wá wàhálà kiri. Má wo táyà. Ẹni tó máa padà, arìnrìn-àjò ni. Ẹni tó bá dé ibì kan tó ní òun ò kúrò níbẹ̀ mọ́, ó ti di onílé, kó kí ìrun rẹ̀ pé."

Màmá mi orí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún.

Ọ̀sẹ̀ méjì la ní a máa lò. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe ń dẹrù, n ò lóye rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ọlọ rẹ̀ wọlé, ọlọ òkúta tó jẹ́ pé ọkùnrin méjì ló gbé e. "Màmá, ọlọ fún ọ̀sẹ̀ méjì?" Ó ní ata ẹ̀rọ kì í dùn mọ́ òun lẹ́nu. Ó kó àwo tó ti sán. Ó kó aṣọ funfun tó mú bọ̀ láti Mẹ́kà, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Adìyẹ rẹ̀ márààrún, ó kó wọn fún ìyá elédé. Mo ní bóyá ogbó ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, ìyá elédé gun àtẹ̀gùn, ó jókòó ti Màmá, wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, omi ti bò ó lójú. Mo fi Igbo sọ fún un pé, "Mama, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni o."

Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọmọ tó wọ bàtà òdì. "Ndo, nwa m," ó ní. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mo wakọ̀ kọjá afárá odò Ọya, mò ń bi ara mi pé pẹ̀lẹ́ kí ni.

Mo ní mo wakọ̀. Awakọ̀ ló wà á o, èmi jókòó tì í ni. Ọmọ Igbo kan tó ti na ọ̀nà Benin fún ogún ọdún ni. Kò lè rí ọkọ̀ tó ṣófo kó má fẹ́ kó èrò sí i. A ò tíì jáde ní Asaba tán tó fi yọrí síta: "Benin! Benin! Enter with your change!" Obìnrin kan ti gbé àpò rẹ̀ lé àtẹ̀gùn kí n tó mọ̀. Màmá gbóhùn sókè láti orí bẹ́ẹ̀dì: "Ta nìyẹn tó ń wọ yàrá mi?"

Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró. Ọ̀kan ní kí n ṣílẹ̀kùn, ó fẹ́ mọ nǹkan tí mo fi kọ́tìnnì bò. Ó gbẹ́sẹ̀ lé àtẹ̀gùn. Màmá tó ń ka tẹ̀súbáà ò tilẹ̀ wò ó, ó ní, "Bọ́ bàtà ẹ o." Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọlọ́pàá wo ìbọn rẹ̀, ó wo kápẹ́ẹ̀tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà. Ìgbà tó fi máa tú ti ẹsẹ̀ kejì, ó ti gbàgbé ohun tó ń wá. Màmá ní kí n fún un lómi. Ó mu ún, ó kí i, ó sì jáde.

Lẹ́yìn Benin, àsìkò ìrun ọ̀sán tó. Màmá ní kí a má dúró, ilé ṣáà ni òun wà. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ kábàrà láti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà á yí, gábàsì á sì kúrò níwájú rẹ̀. "Níbo ni kí n kọjú sí báyìí?" "Ọ̀tún, Màmá." "Báyìí ńkọ́?" "Ó ti di ẹ̀yìn." Awakọ̀ rọra yà sẹ́bàá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Màmá jókòó kí òpó méjì, ó sálámà láti parí rẹ̀. Èmi náà kí méjì.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí a fi dé. Mo fẹ́ kí a dúró níwájú agbo ilé, níbi tó ti máa rọrùn láti jáde. Màmá ní rárá. Ó fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́, ó ń júwe fún awakọ̀ bí ẹni ń júwe ibi tí àga máa wà: "Wọ ẹ̀yìn lọ. Ọ̀tún díẹ̀. Kó kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ó tó." Ilẹ̀ bàbá mi ni.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, fi ọ̀pá rìn wá. Ó lu ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fetí sí i. "Ìyàwó wa, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìṣílé o!"

"A dúpẹ́, ọkọ mi," ni Màmá wí.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, Màmá ń kírun lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó kí méjì, kò sálámà. Ó kí ẹ̀kẹta. Ó kí ẹ̀kẹrin. Mo dúró kó parí, mo rọra sún mọ́ ọn. "Màmá, ẹ ti gbàgbé. Méjì ni. Ìrìn-àjò la wà."

Ó ń ká ẹní rẹ̀. "Ta ló wà nírìn-àjò?"

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: ó ṣì kù díẹ̀ kó yé mi. Mo lọ sọ fún Bàbá Kékeré pé orí Màmá fẹ́ máa gbàgbé nǹkan. Bàbá Kékeré wò mí títí, ó ní, "Ẹnìkan ń gbàgbé, lóòótọ́."

Lọ́jọ́ kẹfà, ariwo irin ló jí mi. Àwọn ọmọkùnrin agbo ilé ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Búlọ́ọ̀kù bàbá mi, àwọn tí koríko bò yẹn, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́, wọ́n ń tò wọ́n sábẹ́ rẹ̀. Táyà mẹ́ta ti wà nílẹ̀. Màmá jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń bó iṣu.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Kí táyà má bàa jẹrà."

"Báwo la ṣe máa padà?"

"Ìwọ máa wọ bọ́ọ̀sì. Ìbàdí ò dùn ọ́."

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Bàbá mi, gbọ́. Mo sọ fún ọ títí, mo ní kò sí yàrá tí mo lè na ẹsẹ̀ sí. O lọ ra yàrá. O ta ilẹ̀ ẹ ra yàrá fún mi, o gbé e wá síbi tí bàbá ẹ fẹ́ kọ́ ọ sí. Kí lo wá rò pé mo máa ṣe?"

"Mo rò pé ẹ máa bá mi padà."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó tún mú ọ̀bẹ. Iṣu yẹn pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ń lọ, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kúrò lára ìdì rẹ̀, ó so ó mọ́ etí aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tan ẹ́ńjìnnì, ó fún mi. "Mú èyí dání. Èmi ò nílò ẹ̀."

Èmi àti awakọ̀ jọ wọ bọ́ọ̀sì, orúnkún lábẹ́ àgbọ̀n. Ó fẹjọ́ sùn mí títí dé Benin pé ìjókòó kò dáa. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ la bọ́ sílẹ̀ ní Upper Iweka. Ìyá elédé ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Ó ti wọlé?" ó bi mí.

"Ó ti wọlé."

Ó gbé ẹyin mẹ́ta lé mi lọ́wọ́. "Adìyẹ ìyá ẹ ti yé. Ó ní kí n fún ọ tó o bá dé."

Ó ní. Ọjọ́ wo ló ti ní?

Mo wọ yàrá Màmá. Ojú ibi tí ọlọ wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Àlàásárì ti ń lọ, mo tẹ́ ẹní, mo kábàrà. Nígbà tí mo kí méjì tán, mo jókòó, mo fẹ́ sálámà, àṣé ìrìn-àjò ti mọ́ mi lára. Ọ̀rọ̀ Ààfáà sọ sí mi lọ́kàn, ẹni tó máa padà, ẹni tó ti dé, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, n ò mọ èwo nínú méjèèjì ni mí nínú yàrá yẹn. Mo pẹ́ níjòókòó.

Mo dìde fún ẹ̀kẹta. Nígbà tí mo forí kanlẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì inú àpò mi ń gún mi nítan.