Ohun tí Tísà Kúnbi Túmọ̀ ní Ìkòsì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kúnbi Ògúntúndé fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòsì kó tó fẹ̀yìn tì. Ládùúgbò, Tísà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bí lẹ́tà ìjọba bá dé, òun ni wọ́n á gbé e wá bá kó kà á fún wọn. Ó gbádùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń la ojú irin ní kí ará àdúgbò wá ṣèpàdé, kò sí ẹlòmíì tí alága ẹgbẹ́ onílé rò pé ó lè ṣe ògbufọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ojú irin tí wọ́n ti kọ́kọ́ ní yóò gba ẹ̀gbẹ́ títì ńlá Kétu kọjá, wọ́n ti yí ọ̀nà rẹ̀ padà. Abẹ́ ilẹ̀ ni yóò máa gbà báyìí, yóò yà wọ Ìkòsì, wọ́n á sì fi ibùdókọ̀ kan kún un fún àwọn tó ń lọ Máìlì Twelve.

Ẹnjiníà tó wá ń jẹ́ Bartholomew, kò gbọ́ Yorùbá rárá. Ó na máàpù sára ògiri, bó bá sọ gbólóhùn kan, Kúnbi á túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa títí ọkùnrin náà fi gbé ìka lé òpópónà kan, tó ní ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà ò ní jìn níbẹ̀, nítorí náà "cut-and-cover" ni àwọn máa ṣe.

Kúnbi mọ "cut", ó mọ "cover". Àpapọ̀ wọn ni kò yé e. Ìbéèrè kan péré ló kù kó bi ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ó wojú àwọn èèyàn tó jókòó, ó rí àwọn tó kọ́ ní ABD nínú wọn, ẹnu rẹ̀ sì kọ ìbéèrè náà.

"Ó ní wọ́n á gé ilẹ̀ lábẹ́, wọ́n á sì bò ó padà," ló wí. "Kò ní kan ilé yín."

Bàbá Mojeed, káfíńtà kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí ilé rẹ̀ wà ní òpópónà náà gan-an, nawọ́ sókè. "Tísà, ṣé ilé mi ò ní wó?"

Kúnbi ò tilẹ̀ yíjú sí ẹnjiníà. "Kò ní wó, Bàbá."

Wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀hónú kó kọ̀wé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹnikẹ́ni ò kọ̀wé ní òpópónà náà. Kàkà bẹ́ẹ̀, Bàbá Mojeed fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ igi òrùlé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ilé mẹ́rìnlá tí wọ́n máa wó ní òpópónà náà. Kúnbi sáré bi ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ìbùkúnolúwa, léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

"Mummy, òkè ni wọ́n ti máa ń gbẹ́ ẹ wálẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ kúrò."

Kúnbi wọ bàtà rẹ̀. Nígbà tó jáde, èrò ti yí ọkọ̀ Bartholomew ká, wọ́n ń pè é ní òpùrọ́, wọ́n ti yọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀. Ọkùnrin náà rí i. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Madam, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà."

Kúnbi wolẹ̀. "Mi ò rántí," ló fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà, kò gba iwájú ìsọ̀ káfíńtà kọjá mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlà tó kẹ́yìn ló ń jókòó sí. Àmọ́ Bàbá Mojeed fúnra rẹ̀ ló wá a wálé, ó mú lẹ́tà ilé-iṣẹ́ náà dání. Kúnbi kà á fún un: àsìkò ẹ̀hónú ti kọjá.

"Ọlọ́run á san án fún ẹnjiníà yẹn," ni Bàbá wí.

Kúnbi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, kò purọ́. Ó sọ ọ́, èmi ni mi ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀."

"Ṣé o ò lè bi í ni?"

"Ojú ló tì mí, sà."

Bàbá ká lẹ́tà rẹ̀, ó dìde, ó lọ. Kò bú u. Ìyẹn gan-an ló dun Kúnbi jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó dìde nínú ìpàdé onílé, ó jẹ́wọ́. Àwọn kan pòṣé. Alága ní kó jókòó. Kúnbi kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ẹ̀bi òun ni. Bartholomew, tí Kúnbi ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, bá a fọwọ́ sí i. Wọ́n gbà kí òpópónà náà kọ ẹ̀hónú, wọ́n sún ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ díẹ̀, ilé mẹ́ta sì yọ lọ́wọ́ wíwó nínú mẹ́rìnlá. Ti Bàbá Mojeed ò sí lára wọn. Ó kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Àgbóyì kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kúnbi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí i lẹ́yìn oṣù méjì. Bàbá fún un ní àga, ó bi í nípa ọmọ rẹ̀, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa omi tó ń kún. Nígbà tó fẹ́ tún bẹ̀ ẹ́, Bàbá fọwọ́ dá a dúró. "Ó ti tó." Kúnbi ò mọ̀ bóyá ó dárí ji òun ni, àbí ọ̀rọ̀ náà ló sú u, ó sì padà sílé láìbéèrè.